Eruku Tó Wà Lábẹ́ Orí Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ní tèmi gbà pé ilé náà ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò kí á tó sọ pé òtútù lásán ló mú ọmọ tí kò lè mí dáadáa lóru. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, Ilé-Ifẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ti pẹ́ ní ìlú náà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti walẹ̀ láti ọdún 1957, wọ́n rí ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ fi àpáàdì tẹ́. Wọn kò tẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ o. Òòró ni wọ́n to àpáàdì náà, ní ìlà-ìlà bí egungun ẹja. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti wà ṣáájú ọdún 1500. Ìtàn ẹnu ní Lúwòó ló ni iṣẹ́ náà, ìyẹn obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ìmọ́tótó àti oge, kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan eruku tàbí ẹrẹ̀. Ẹ ò rí i pé ogun eruku kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀!

Nínú ilé ńkọ́? Àwọn ìyá wa a máa fi bọ́tọ̀ pa ilẹ̀ ilé kí ó má baà máa hú eruku. Bí wọ́n bá fẹ́ gbálẹ̀ láàárọ̀, wọn a kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀. Ẹní tí wọ́n sùn lé, wọn a ká a, wọn a gbọ̀n ọ́n, wọn a sì sá a sóòrùn. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ńlá ni.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, wolé-wolé bá a dé. Ta ni kò mọ ìtàn wọn? Bí wọ́n bá yọ lókèèrè, tọmọdé tàgbà a máa sáré. Wọn a yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọn a wo ṣáláńgá, wọn a wo igbó tó hù lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá jẹ̀bi, kóòtù yá. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, àbí kí ni à bá fi bá ẹ̀fọn jà? Ṣùgbọ́n ìta àti ìkòkò omi ni wọ́n ń wò; bí wọ́n bá wọ yàrá, kì í ṣe ibùsùn ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Ó sì jẹ́ pé ibùsùn gan-an ló ń yí padà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹni tó bá rí já jẹ á ra kápẹ́ẹ̀tì, á ra fóòmù, á fi kọ́tìnnì tó nípọn bo fèrèsé. Ẹní kúrò nílẹ̀. Fóòmù kì í ṣe ohun tí a ń ká lójoojúmọ́, kápẹ́ẹ̀tì kò sì ṣeé wọ́n omi sí. Ní ọdún 1984, ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé WAI dé, a sì ń ṣe ìmọ́tótó àyíká lóṣooṣù. Gọ́tà ni a kó, ààtàn ni a kó. Fóòmù wà ní ìdúró tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìròyìn ti jáde láti ọdún 1964. Ní ọdún yẹn, Voorhorst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Leiden, lórílẹ̀-èdè Netherlands, tọ́ka sí kòkòrò kan nínú eruku ilé. Ẹbí eégbọn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré débi pé bí a bá to mẹ́ta jọ, bóyá ni wọ́n fi tó mìlímítà 1. Inú ibùsùn àti kápẹ́ẹ̀tì ló ń gbé, awọ ara tó ń bọ́ lára wa ló ń jẹ, ó sì fẹ́ràn ibi tó lọ́rinrin. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni èèwọ̀ ara fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: á mú wọn sín, á mú imú wọn dí, á sì dá ikọ́ efée sílẹ̀ lára ẹni tó bá ní in. Ọdún 1964 náà ni Bernton àti Brown ní Amẹ́ríkà fi hàn pé aáyán pàápàá jẹ́ èèwọ̀ ara fún àwọn mìíràn.

Mo mọ obìnrin kan ní Mọ̀ọ̀rè tí ọmọ rẹ̀ ń mí fín-ín-fín-ín lóru. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan ní òtútù ni. Ní ọsibítù, wọ́n fún ọmọ náà ní oògùn tí a ń fà sẹ́nu, wọ́n sì bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ ń sùn lé. Fóòmù tó ti lo ọdún mẹ́wàá ni, kápẹ́ẹ̀tì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ikọ́ efée kì í ṣe eré, ó ń pa ènìyàn. Gbígbálẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò sì wò ó. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ rọ́pò dókítà.

Ṣùgbọ́n a lè ran oògùn lọ́wọ́. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ sá fóòmù àti ìrọ̀rí sóòrùn, kí ẹ sì lù wọ́n dáadáa níta, nítorí oòrùn lè pa kòkòrò náà, kì í kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò ní yàrá ọmọ tó ní ikọ́ efée. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nu ilẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ sun ìta fún aáyán. Bí ẹ bá ń gbálẹ̀, kí ọmọ náà jáde ná.

Omi tí ìyá àgbà ń wọ́n sílẹ̀ kí ó tó gbálẹ̀ kì í ṣe àṣà ará oko. Ẹ jẹ́ kí á mú un padà wọ yàrá.