Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Tó Ti Kumasi Dé Lọ́ńdọ̀nù

Lónìí, bí ilé-ẹjọ́ gíga ní Kumasi bá dá ẹnì kan lẹ́bi pé ó fi ìbọn ja onílé lólè lóru, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 15. Òfin Ghana tí wọ́n tún ṣe ní 2003 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀: lọ́yà rẹ̀ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nígbà kan rí, kò sẹ́ni tó lè bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní Kumasi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1902 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ilẹ̀ Àṣáńtì, níbi tí Kumasi wà, di tiwọn. Òfin ìṣàkóso tí wọ́n ṣe fún un lọ́dún náà ka lọ́yà léèwọ̀ ní kóòtù. Olè, apànìyàn, ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́, kálukú ló ń fẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Abẹ́ òfin yìí ni àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kumasi náà wà. Nílé pàápàá, láti 1914, lọ́yà kò gbọdọ̀ yọjú sí àwọn kóòtù tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ìgbèríko Nàìjíríà.

Benjamin Knowles, dókítà ìjọba ní Bekwai nítòsí Kumasi, ni ẹjọ́ rẹ̀ tú àṣírí òfin náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ìbọn dún ní yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn àlejò tó bá wọn jẹun ọ̀sán ti lọ. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ wá wádìí, dókítà ní gbọ́nmi-si-omi-ò-to tọkọtaya lásán ni. Ọta ti bá obìnrin náà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Kumasi, ibẹ̀ ló kú sí. Kó tó kú, ó ní òun gbé ìbọn náà sórí àga, òun gbàgbé, òun jókòó lé e, léèsì aṣọ òun ló sì há mọ́ ọn tó fi yìn.

Adájọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sí júrì, kò sí lọ́yà. Ó dájọ́ ikú fún Knowles. Gómìnà yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn tó dúró tì í gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbìmọ̀ náà kò bínú sí àìsí júrì, nítorí òfin Àṣáńtì gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀nà méjì péré ni adájọ́ wò: bóyá èèṣì ni, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí bóyá ọkùnrin náà ló yìnbọn láì pète ikú. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ni lọ́yà ìbá ti rán adájọ́ létí. Ní 1929 wọ́n fagi lé ẹ̀bi Knowles, ó sì gba òmìnira.

Àgbẹ̀ Àṣáńtì tàbí oníṣòwò tí wọ́n fẹ̀sùn ìfọ́lé kàn kò lówó ọkọ̀ òkun, áńbọ̀sì owó lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1933 ni lọ́yà tó rọ́nà wọ kóòtù Àṣáńtì. Ọdún yẹn kan náà ni àtúnṣe òfin kóòtù tó ṣílẹ̀kùn fún lọ́yà dé Nàìjíríà.