Bí Ọpọ́n Ìwẹ̀ Ṣe Wọ Ilé Àwọn Ará Jàpáànù

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọpọ́n ìwẹ̀ Jàpáànù, èyí tí wọ́n ń pè ní ofuro, sínú ilé rẹ̀ lónìí, iye owó àti irú igi ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ọpọ́n yìí kì í sábà gùn, ṣùgbọ́n ó jìn: bí ènìyàn bá jókòó sínú rẹ̀, omi gbígbóná yóò mù ún dé èjìká. Ọ̀pọ̀ rò pé láti àtayébáyé ni gbogbo ilé Jàpáànù ti ní in. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìta ni ìwẹ̀ yìí wà kó tó wọlé.

Láyé àtijọ́, àwọn tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà ló ní ilé ìwẹ̀ ńlá. Ti tẹ́ńpìlì Tōdai-ji ní ìlú Nara ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Wọ́n gbà pé ìmọ́tótó ara àti ti ọkàn jọ ń rìn ni, wọ́n sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún tálákà àti aláìsàn.

Nígbà tó di sáà Edo (1603 sí 1868), ìlú Edo, tó di Tokyo lónìí, kún fún ilé onígi tó fara kan ara wọn. Ní 1657, iná jó ju ìdajì ìlú náà lọ. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀rù iná, pẹ̀lú ọ̀wọ́n igi ìdáná àti omi, kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé ní ọpọ́n tiwọn. Sentō, ilé ìwẹ̀ gbogbogbò, ni olówó àti mẹ̀kúnnù jọ ń lọ.

Ní ìgbèríko, àwọn kan ń lo ìkòkò irin ńlá tí wọ́n gbé ka iná, pẹ̀lú pákó nísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà jó. Wọ́n pè é ní goemonburo, nítorí olè kan, Ishikawa Goemon, tí wọ́n sè pa ní 1594.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Ní 1955, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ láti kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ńlá, wọ́n sì ṣe balùwẹ̀ sínú àwọn ilé náà. Gáàsì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ igi ìdáná. Ní nǹkan bí 1968, sentō tó nǹkan bí 18,000. Lónìí, wọn kò tó 2,000.

Ṣùgbọ́n ọpọ́n kò dá wọlé. Ó mú òfin sentō dání. Títí di òní, ẹ ó kọ́kọ́ fọ ara yín mọ́ níta ọpọ́n kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, nítorí omi kan náà ni gbogbo ará ilé ń lò, tí wọ́n á sì dé e kó má baà tutù. Èdè wọn pàápàá jẹ́rìí sí i: àwa ń "wẹ̀", àwọn ń "wọ inú" ofuro.

Ohun tí kò bá ọpọ́n wọlé ni aládùúgbò. Ní sentō, wọ́n ń bá ara wọn fọ ẹ̀yìn, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ara wọn. Níbi tí sentō bá ti kógbá sílé, arúgbó tó ń dá gbé ti pàdánù ibi tí ẹnìkan ti lè fura pé òun kò wá lánàá.