Ojú Tí Ó Ń Ṣọ́ Awakọ̀

Kí kámẹ́rà tó dé iwájú ọkọ̀ akérò, ta ni ẹlẹ́rìí? Ní 1977, ìjọba Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Ènìyàn ni wọ́n, ibi tí wọ́n bá dúró sí ni ojú wọn mọ. Ní 2017, wọ́n fi dandan lé ẹ̀rọ tí ń dín eré ọkọ̀ akérò kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kì í jẹ́rìí. Kámẹ́rà ń jẹ́rìí. Bí ọkọ̀ àti alùpùpù bá kọlu ara wọn láàrin Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán, awakọ̀ ni a ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àwòrán lè gbà á sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá tí ó ni ọkọ̀ ni ó ni àwòrán. N kò ní fọwọ́ sí i, àfi bí ẹ̀dà bá wà lọ́wọ́ awakọ̀ pẹ̀lú.