Kì í ṣe kókó ni àgbo máa yọ́

Láti Kétu dé Pobè àti Sakété, àlàyé kan ti rọ̀ mọ́ àìsàn tí àwọn dókítà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní SOPK, tí wọ́n ń pè ní PCOS ní Nàìjíríà: pé kókó ló hù sí ilé ẹyin obìnrin, àti pé àgbo tó bá le dáadáa yóò yọ́ ọ. Àlàyé yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa àwọn obìnrin wa lára.

Àwọn rógódó kéékèèké tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara ń fi hàn kì í ṣe kókó rárá. Àpò ẹyin ni wọ́n; ẹyin inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, kò sì gbó débi tí yóò fi jáde. Họ́mónù akọ tó pọ̀ jù ló ń dá a dúró. Ínsúlínì náà sì sábà máa ń pọ̀ lára, èyí tó ń mú kí ilé ẹyin tún pèsè họ́mónù akọ sí i. Ìdí nìyẹn tí nǹkan oṣù fi ń pẹ́, tí irùngbọ̀n fi ń hù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí a ó yọ́. Ohun tó yẹ kí á bi ewékéwé ni pé: ṣé ó ń mú ẹyin jáde?

Mi ò sọ pé ewé kò lágbára. Ara ewé Galega officinalis, tí àwọn ará Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́, ni ìwádìí tó bí metformin, oògùn ṣúgà tí dókítà tún máa ń fún obìnrin tó ní PCOS, ti bẹ̀rẹ̀. Èròjà inú ewé náà ń dín ṣúgà kù, ṣùgbọ́n ó ní májèlé. Metformin, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ni ara gbà. Ejìnrìn àti ewúro tiwa náà ti dín ṣúgà kù lára eku. Àmọ́ eku tí wọ́n fi ń wádìí PCOS, oògùn letrozole ni wọ́n sábà máa ń fún un lójoojúmọ́ kí ó lè ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ letrozole kan náà ni dókítà ń fún obìnrin fún ọjọ́ 5 kí ẹyin rẹ̀ lè jáde! Ta ló wá lè fi bí ara eku ṣe yá ṣe ẹ̀rí fún obìnrin?

Ìwé Ewé tí Pierre Verger, ẹni tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu, gbé jáde ní 1995 kó ọ̀pọ̀ oògùn ìbímọ jọ. Ìṣúra ńlá ni. Ohun tí àwọn babaláwo ń lò ló kọ sílẹ̀. Kò ka iye obìnrin tó lò ó tó sì lóyún. Bí a bá sì ní lágbájá mu àgbo, ó bímọ, òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n PCOS kì í sọni di àgàn. Ẹyin a máa jáde fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àgbo ìbáà wà, kó má wà.

Ejìnrìn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Èròjà inú irúgbìn rẹ̀ ti ba oyún jẹ́ lára eku. Obìnrin tí kì í rí nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́ta kò lè fi àìrí rẹ̀ mọ̀ pé òun ti lóyún; ó lè fi àgbo tó ń mu nítorí ọmọ ba ọmọ náà jẹ́. Kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò oyún. Bó bá sì ń lo metformin, kí ó sọ fún dókítà kó tó fi ejìnrìn kún un, nítorí àwọn méjèèjì ló lè fa ṣúgà wálẹ̀.