Ìkáwọ́ àti Ìkápá: Bí A Ṣe Lè Sọ̀rọ̀ Sìgá àti Ìlera ní Yorùbá

Ní 1966, Julian Rotter, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí oníkálukú gbàgbọ́: ṣé ìṣe wa ló ń bí ohun tó ń dé bá wa ni, àbí ìta ló ti ń wá? Ó tọ́ka sí ìwádìí tó fi hàn pé àwọn tí kì í mu sìgá gba ti ìṣe ara ẹni gbọ́ ju àwọn amusìgá lọ.

Tí a bá tú orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún èrò yìí ní ẹyọ-ẹyọ, "ibùdó àkóso" ni yóò dà. Ará Kambolé ní Tógò, tó ń sọ ẹ̀ka èdè wa, yóò rò pé ọ́fíìsì ìjọba ni à ń wí. Bẹ́ẹ̀ "ìkáwọ́" ti wà nílẹ̀: ìkáwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ yìí wà?

Ní 1978, àwọn olùwádìí Kenneth Wallston, Barbara Wallston àti Robert DeVellis gbé ìbéèrè náà wá sórí ìlera, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta. Méjì rọrùn: ìkáwọ́ ara ẹni, àti ìkáwọ́ alágbára, bíi dókítà àti ẹbí. Ẹ̀kẹta, ìyẹn èèṣì, ló le. Ó máa ń yá atúmọ̀ lára láti pè é ní kádàrà, kò sì tọ́. Kádàrà ní ẹni tó kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni. Èèṣì kò ní olúwa. Ní Sokodé, ìlú àwọn Tem ní Tógò náà, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti rinlẹ̀, ẹni tó sọ pé "bí Ọlọ́run bá fẹ́" kò sọ pé ayé kàn ń yí gbiri. Ní 1999, Kenneth Wallston àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn gbé ìbéèrè tó dá dúró jáde fún ìkáwọ́ Ọlọ́run.

Ká ní a bi ọlọ́kadà kan nínú ọjà Sokodé pé ọwọ́ ta ni ìlera rẹ̀ wà, ó lè dáhùn pé: "Ọlọ́run ló ni ín. Ṣùgbọ́n ti sìgá yìí, àfọwọ́fà ni. Èmi ni mo ṣáná sí i." Ìkáwọ́ méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọn kò sì jà.

Kí ló dé tí kò wá jáwọ́? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkáwọ́ mọ́. Ní 1977, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá bíi Rotter, ya ìdánilójú pé "mo lè ṣe é" sọ́tọ̀. Yorùbá ní "apá mi ká a". Nítorí náà, ìkápá ni kí a pè é. Nikotíìnì máa ń di ènìyàn mú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó mọ̀ pé ìkáwọ́ òun ni sìgá wà lè tún mọ̀ pé apá òun kò ká a. Kenneth Wallston náà kọ ọ́ ní 1992 pé ìkáwọ́ nìkan kò tó láti fi mọ ohun tí ènìyàn máa ṣe.

Ẹni tó bá ń gbé ìbéèrè wọ̀nyí lọ sí Kambolé tàbí Sokodé, kó ya Ọlọ́run kúrò lára èèṣì, kó sì ya ìkáwọ́ kúrò lára ìkápá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kọ "aláìbìkítà" síwájú orúkọ olùfọkànsìn, yóò sì máa wàásù ewu sìgá fún ẹni tó jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ láti jáwọ́ ló ń wá.