Òkú Tó Dìde Gba Ìbọn Lọ́wọ́ Ọmọdé

Ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin Sàró Olówógbowó tí baba ńlá yín ti Freetown wọkọ̀ dé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Etí òkun tiwa yìí náà lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, níbi tí àwọn sójà wa bá ECOMOG, ikọ̀ ológun apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ, tí àwọn asásálà ibẹ̀ sì wá gbé ní Òrù-Ìjẹ̀bú nígbà kan.

Kérésìmesì ku ọ̀la lọ́dún 1989 nígbà tí ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ Charles Taylor ya wọ Làìbéríà. Họ́wù! Ọmọ tó yẹ kó máa ka a, b, d ni wọ́n ń gbé ìbọn fún, ìbọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o. Wọ́n fún wọn ní igbó mu kí ojú wọn lè le. Taylor tiẹ̀ ní ikọ̀ tirẹ̀ tó ń jẹ́ Small Boys Unit. Mo ti rí fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Làìbéríà: báàgì onírun tó dà bíi bèbí ló gbé kọ́ ẹ̀yìn, ìbọn ló sì dì mú.

Ní 1990, onígbáméjì kọlu ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 9, Kimmie Weeks. Wọ́n ní ó ti kú, wọ́n gbé e sọ sáàárín òkú. Ìyá rẹ̀ yarí. Ó wá a kàn láàárín àwọn òkú, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ó gbọ̀n ọ́n, àfi bí ọmọ ṣe mí!

Kí ni òkú tó jí yìí wá ṣe? Ní 1994, òun àtẹgbẹ́ rẹ̀ dá Voice of the Future sílẹ̀. Nígbà tó di 1996, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn UNICEF, wọ́n gbé ohùn sókè pé kí àwọn olórí ogun gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọdé. Nígbà tí wọ́n fi máa parí gbígba ohun ìjà níbẹ̀rẹ̀ 1997, àwọn ọmọdé tó fi ìbọn sílẹ̀ lé ní 4,000. N kò ní òun nìkan ló ṣe é o. Àdéhùn àlàáfíà Àbújá àti àwọn sójà wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé ló ń bá ọmọdé bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Taylor di ààrẹ. Ní 1998, Weeks kọ ìwé tú àṣírí pé ìjọba ń kọ́ ọmọdé lógun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ẹ̀mí rẹ̀, ó sá lọ Amẹ́ríkà lọ́mọ ọdún 17, ó sì dá Youth Action International sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ogun bà láyé jẹ́. Taylor ní tirẹ̀ sá wá sí Calabar. Ní 2012 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, fífi ọmọ tí kò tó ọdún 15 jagun ní orílẹ̀-èdè Sàró (Sierra Leone) wà lára ẹ̀sùn náà. Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún!

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: àwa náà mọ àwọn àgbà tó ń gbé àdá fún ọmọ ọlọ́mọ lásìkò ìbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó, tẹ́ ẹ bá rí wọn, ẹ dárúkọ wọn.