Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Òkun ní Èkó: Bí Ó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Kọ́ Wa

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kò tíì fojú kan òkun rí, bẹ́ẹ̀ ẹja inú rẹ̀ ń bẹ nínú ọbẹ̀ wọn. Ìdí nìyí tí mo fi yan ìtàn yìí.

Ní ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀gbìn láti bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja pípa. Oníkan ní Èkó ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Nígbà tí ó yá, ó di iléeṣẹ́ ẹja ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ a máa wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun, wọn a fa àwọ̀n, wọn a wọn ẹja, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni E. O. Bayagbona, ọmọ Nàìjíríà, tí ó ṣe ìwádìí lórí ẹja àpò, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní krókà.

Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀ka ìwádìí òkun kúrò lára iléeṣẹ́ ẹja, ó sì sọ ọ́ di èyí tí ó dá dúró: Nigerian Institute for Oceanography and Marine Research, tí a mọ̀ sí NIOMR. Victoria Island, létí Bar Beach, ni ibùjókòó rẹ̀. Kì í ṣe ẹja nìkan ni ó ń wò. Ó ń wo ìgbì, yanrìn àti etíkun pẹ̀lú.

Etíkun ibẹ̀ gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́. Láàárín 1908 sí 1912, wọ́n fi òkúta mọ ògiri wọnú òkun ní ẹnu èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Yanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn wá dúró sẹ́yìn ògiri náà. Bí ilẹ̀ ti ń gbòòrò lápá kan ni òkun ń jẹ Bar Beach lápá kejì, ó sì jẹ ẹ́ ju kìlómítà kan lọ. Ìjọba da yanrìn síbẹ̀ ní 1974 sí 1975, wọ́n tún dà á ní 1981; òkun kó o lọ. Nígbà tí mo ń sìnrú ìlú ní Èkó ní 1984, mo fojú ara mi rí i tí omi ya wọ títì, tí ọkọ̀ wa sì ní láti yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lónìí, Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ síbi tí Bar Beach wà, lẹ́yìn ògiri òkúta tuntun.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí fáìlì ìjọba. Ọdún kan tí a kò bá wọn omi, tí a kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, kò sí owó tí ó lè rà á padà. Nítorí náà, kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí owó ìwádìí wọ́n àwọn onímọ̀ wọ̀nyí, kí àwọn tí ń kọ́lé sì bi wọ́n kí wọ́n tó da yanrìn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní ẹ̀kọ́ nípa òkun ni òun fẹ́ kà, ẹ má ṣe dí i lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa kò purọ́: òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.